Ìwé-Ẹ̀rí àti Ọwọ́ tó Mọṣẹ́

Àṣìṣe ńlá ni àwa ọ̀mọ̀wé ń ṣe nígbà tí a bá rò pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kò kọ́ṣẹ́. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe ti kọ́ iṣẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ a máa fọ irin, a máa na sípánà sí ọ̀gá, títí etí rẹ̀ yóò fi mọ ìró ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàárẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Síbẹ̀, ètò náà ní àléébù. Ọ̀gá mìíràn a máa fi ojú iṣẹ́ pamọ́. Ó gbàgbé pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ ‘fírídọ̀mù’, àdúrà àti àsè ni a sábà ń rí. Ta ni ó ń gbé alùpùpù tó dákú síwájú ọmọ náà pé kí ó jí i? Ọdún tó lò ni ayẹyẹ náà ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wá dé ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ni yóò fi hàn?

Ìjọba àpapọ̀ ní ìdánwò tí a ń pè ní tiréèdì tẹ́ẹ̀sì, onípele mẹ́ta. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi pàápàá lè ṣe é. Àjọ NDE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986, náà a sì máa fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Nítorí náà, kí ọ̀gá mú ọmọ-iṣẹ́ lọ ṣe ìdánwò kí a tó se àsè. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ yẹ ní ẹlẹ́rìí.