Ẹ Yọ Echo Kúrò Lára Gángan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé n kì í fẹ́ bá olórin jà. Ohun tí mo rí níbi òkú àgbà kan láìpẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Onígángan dojú kọ àwọn ọmọ olóògbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki bàbá wọn. Ìró tó ń ti inú àwọn sípíkà ńlá jáde dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Ọmọ olóògbé obìnrin na ọrùn sí mi, ó ní, "Prof, kí nìlù ń wí, sà?" Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èèyàn ní fònẹ́tíìkì, n ò rí èsì kankan fún un.

Mo rìn lọ bá ọmọ tó ń mójú tó míksà. Ó ní ohùn ìlù rẹlẹ̀, ó sì ń kùn hùùù, ìdí nìyẹn tóun fi bu echo sí i kó lè kún. Mo ní kó jẹ́ ká yẹ wáyà wò.

Wáyà makirofóònù gidi ní okùn méjì nínú, pẹ̀lú àwọ̀n wáyà kan tó yí wọn ká. Ohùn kan náà ló ń gba inú okùn méjèèjì, àmọ́ wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn: bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì á máa lọ sílẹ̀. Ariwo iná mànàmáná, tí tiwa ní Nàìjíríà ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a máa wọ inú méjèèjì lọ́nà kan náà. Nígbà tí wọ́n bá dé míksà, ẹ̀rọ á yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á sì di ìlọ́po méjì. Bí okùn kan bá já, ìṣirò yẹn dà rú: ohùn á rẹlẹ̀, ariwo á ráyè wọlé.

A fi mítà kàn án lórí àti nídìí, a sì ń mi wáyà náà bí a ṣe ń wò ó. Okùn kan ń dákẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá tẹ ẹnu wáyà náà. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o ti là. Ohun tí kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni wọ́n fi echo bò mọ́lẹ̀, bí ẹni fi àtíkè bo egbò.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wáyà nìkan kọ́ ni mo wá rò. Bí wáyà ò tiẹ̀ já, àṣà ká máa da echo lé gbogbo nǹkan lórí ti mọ́ wa lára. Kí ló wá burú níbẹ̀? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ geere, sílébù kan ò sábà gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí echo bá wá ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́ta, ohùn òkè ti sílébù tó ti kọjá á bọ́ lé ohùn ìsàlẹ̀ ti èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Akọrin lè mú un jẹ, nítorí kọ́ńsónáǹtì wà tó lè gbà á sílẹ̀. Gángan ò ní kọ́ńsónáǹtì. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ìlù tó bá ti pàdánù ohùn, kí ló tún kù tó fẹ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àwọn kan á ní kò sí ẹ̀rọ tí kì í ba ohùn jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ a máa gé ìró tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz àti èyí tó bá kọjá 3400 Hz. Ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò sì ju nǹkan bí 120 Hz lọ, ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ohùn náà gan-an kì í kọjá. Síbẹ̀ a ń fi Yorùbá bára wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ó sì ń yé wa, torí pé etí a máa fi àwọn ìró tó kù lókè mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà. Etí lè wá ohun tó sọnù rí. Èyí tí wọ́n bá da òmíràn lé lórí ló ṣòro fún un láti tú.

N ò kórìíra echo o. Nínú Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, ẹ gbọ́ bí gìtá Demola Adepoju ṣe ń fà lọ gbọọrọ. Ó dùn mọ́ mi títí dòní. Àmọ́ àwọn ìlù ibẹ̀ wà nítòsí, etí ń mú wọn. Ẹni tó to ìró náà mọ ẹni tó ń kọrin yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òye yẹn ni mo ń wá lóde ìnáwó wa.

A tún wáyà ṣe, ọmọ náà yọ echo, ó tiẹ̀ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n onígángan ti kì í tán, ó ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń náwó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ olóògbé kan fi ohun tó ká sórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbẹ́ onílù ló dúró sí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ṣọwọ́ sí ìyá yẹn. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n dárúkọ ìyá bàbá òun.