Ògún àti Ẹ̀bi Ọmọ Ènìyàn nínú The Road

Ó rọrùn láti ka The Road, eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1965, bí ìtàn òrìṣà tí òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ. Awakọ̀ ń kú, Ògún ń jẹ. Ṣùgbọ́n irú òye bẹ́ẹ̀ kò bá ohun tó wà nínú ìwé náà mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ipò Ògún mu láàárín àwọn tí ń fi irin jẹun.

Ọ̀rẹ̀, tíí ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé èyí tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Awakọ̀, mẹkáníìkì, agégẹdú àti àgbẹ̀ kòkó, irin ni gbogbo wọn ń lò. (Ogun 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin wá tí a sì dá wọn padà níbẹ̀, ló sọ ìjà Ọ̀rẹ̀ di àṣamọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n gáréèjì ìlú náà kan ọ̀rọ̀ yìí ju ojú ogun rẹ̀ lọ.)

Ẹni tó ń bọ Ògún kò kàn ń tu òrìṣà lójú kí ó má baà pa á. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń kó síwájú Ògún: àdá, òòlù, ìbọn, títí kan ọkọ̀. Irin kan náà ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù. Ẹlẹ́rìí ni Ògún kí ó tó di apani. Èrò tó jọ èyí wà ní Íńdíà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń fọ ẹ̀rọ wọn ní oṣù kẹsàn-án, tí wọn a sì fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ní orúkọ Vishwakarma, òrìṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí òǹkàwé bá mú èyí wọ inú eré náà, ta ni yóò rí pé ó ń pa ènìyàn? Afárá jíjẹrà tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe ni ọkọ̀ kan já sí lójú Kotonu. Professor ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ fún awakọ̀. Ó fa àmì tí ń kìlọ̀ pé ọ̀nà tẹ̀ tu nílẹ̀, ó sì gbé e wọlé bí ẹni tó já èso. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti dànù. Particulars Joe, ọlọ́pàá, wà lára àwọn tí ń bá a mu ẹmu. Samson ń bẹ Kotonu pé kí ó fi ajá bọ Ògún, Kotonu kò ṣe é. Ibí yìí ni eré náà ti jinlẹ̀ jù lọ, nítorí ajá Samson kò lè tún afárá ṣe, kò sì lè dá àmì padà sí ojú ọ̀nà.

Ìparí ni ọwọ́ Ṣóyínká ti yẹ̀. Ó mú eégún wọlé, ijó gbóná, Say Tokyo Kid sì gún Professor lọ́bẹ. Ìran náà lágbára lórí ìtàgé, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó bo ẹ̀sùn tí òǹkọ̀wé ti fi sùúrù kó jọ mọ́lẹ̀. Ohun awo ni Professor kú fún, kì í ṣe àmì tó fà tu.