Kíláàsì tí Kì í Ṣe Kíláàsì: Àtúpalẹ̀ Ìwé Lipovača lórí Haskell

Ìwé Learn You a Haskell for Great Good!, tí Miran Lipovača kọ́kọ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ilé-iṣẹ́ No Starch Press tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011, jẹ́ ìwé ìkọ́ni ní èdè kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni a ń fi èdè náà pàṣẹ fún. Òǹkàwé tí ó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì pátápátá. Ó ti gbọ́ Java tàbí Python, ó sì gbé gbogbo àṣà èdè àkọ́kọ́ náà wọ inú Haskell.

Àṣà náà kò kéré. Nínú Java, object ni òpó ilé. Object a máa pa ohun ìní rẹ̀ mọ́ sínú ara rẹ̀, a sì máa yí i padà bí iṣẹ́ ti ń lọ: àkáǹtì tí ó ní 500 yóò di 700 bí a bá fi 200 kún un, àkáǹtì kan náà sì ni síbẹ̀. Nínú Haskell, ohun tí a bá ti sọ lórúkọ kì í yí padà mọ́. Function yóò gba àkáǹtì ti 500, yóò sì dá òmíràn tí ó ní 700 padà; ti àkọ́kọ́ wà bí ó ti wà.

Ibi tí Lipovača ti fakọ yọ jù ni ibi tí ó ti kìlọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí ó jọra tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jọra. Kíláàsì inú Java ni àwòṣe tí a fi ń mọ object. Typeclass inú Haskell kò mọ ohunkóhun. Iṣẹ́ tí irú ohun kan lè ṣe ni ó ń sọ, bí Eq ti ń sọ pé a lè mọ̀ bóyá méjì dọ́gba. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé ní Cotonou lè ṣi library àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nítorí ilé ìtàwé ni librairie. Òǹkọ̀wé kò bú èdè àkọ́kọ́ náà. Ó ní interface inú Java ni ó sún mọ́ typeclass jù.

Ọgbọ́n kan náà ni ó lò níbi tí ó ti wá nọ́ńbà tí ó tóbi jù nínú àtòjọ kan. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni àtijọ́ yóò ṣe: yóò wá àyè kan, yóò máa kan nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa pààrọ̀ ohun tí ó wà ní àyè náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni ó tóbi jù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi ti iwájú wé èyí tí ó tóbi jù nínú ìyókù. Nínú 2, 5 àti 1, 5 borí 1, 2 kò sì lè borí 5. Kì í ṣe bí a ó ti wá nọ́ńbà náà ni function yìí ń sọ, bí kò ṣe ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́.

Àwọn kan lè kùn pé orí kẹsàn-án, nínú ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ètò tó ń bá aráyé sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbólóhùn do tí a ń lò níbẹ̀ jọ Java lójú. Ẹni tí ó bá tètè rí i yóò máa kọ Java lọ lábẹ́ orúkọ Haskell.

Àléébù gidi ni pé ìwé náà kò ní ìdánrawò. Ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ka òfin he àti she lórí, kí ó sì tún pe ìyá rẹ̀ ní he, nítorí pé ó kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ mọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin. Àìmọ òfin kọ́ ni ó fà á. Ẹnu ni kò tíì mọ́ ọn lára. Bákan náà, òǹkàwé Lipovača lè rẹ́rìn-ín dé ojú ewé tó kẹ́yìn, kí ó má sì lè dá kọ ìlà mẹ́wàá láìwá àyè tí yóò máa pààrọ̀. Paul Chiusano àti Rúnar Bjarnason, nínú Functional Programming in Scala ti 2014, kò pani lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánrawò ni ó gbé ìwé wọn ró, bẹ́ẹ̀ Scala tí wọ́n ń kọ́ni gba object àti function pọ̀, tí ilẹ̀kùn àtipadà sẹ́yìn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.