Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Ìgbà Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Olùkọ́ Ìtàn

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè bí ilẹ̀ yìí ti ṣe bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti bí ó ti ṣe gba òmìnira, ọdún ni yóò máa kà fún wa: 1861, tí wọ́n gba Èkó; 1914, tí wọ́n so ìhà Gúúsù pọ̀ mọ́ ìhà Àríwá; 1946, òfin Richards; 1951, òfin Macpherson; 1954, òfin Lyttelton; lẹ́yìn náà, ọjọ́ kíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé orúkọ àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún inú rẹ̀. Orúkọ ará ìlú kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí yóò gbàgbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé ìjọba wá, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó sì gbé e lé wa lọ́wọ́ nígbà tí ó wù ú, àti pé àwọn baba àti ìyá wa kàn jókòó láàrin méjèèjì bí ẹni tí ń wòran. Ẹ̀kọ́ tí ó léwu ni èyí. Ẹni tí ó bá rò pé a fi òmìnira ta òun lọ́rẹ ni, kò lè mọ iye tí ó ná àwọn tí ó rà á.

Nígbà tí a yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò láàrin àwọn ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìpele ìsàlẹ̀ ilé-ìwé girama, ní sáà 2009 sí 2010, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i. Lẹ́yìn náà ni a pàṣẹ kí a dá a padà. Ohun tí ó kù fún wa láti rò ni ìwé tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ. Méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí inú ilé Ìjọ ni àwọn méjèèjì ti jáde: ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti Aké, ìwé ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká, tí a tẹ̀ ní ọdún 1981, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti yí sí èdè Yorùbá. Èrò mi ni pé olùkọ́ tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Johnson. Ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i ní ọdún 1846. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1857, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí a kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká títí di ọdún 1893, ó wà lára àwọn tí a rán láàrin àwọn ológun kí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 tó wáyé. Ó parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ó sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ránṣẹ́ sí fún títẹ̀. Ó kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Ìdí tí Johnson fi kọ ìwé yìí yẹ kí ó dun olùkọ́ títí di òní: ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti ilẹ̀ baba wọn. Nípa èyí, a jẹ ẹ́ ní gbèsè tí a kò lè san tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìrẹ̀wẹ̀sì ogun ni ó fi ń wò ó. Ẹni tí ó ti rí ìlú tí ó di ahoro, tí ó sì ti rí bí a ti ń kó ọmọ ènìyàn lẹ́rú, kò lè ṣàì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú kí ìbọn dákẹ́. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí. Síbẹ̀, kí ó sọ fún wọn pé ẹlẹ́rìí ẹnu ọ̀nà ni Johnson: ó rí àlejò bí ó ti ń wọlé, kò rí i bí ó ti ń gbé inú ilé. Ìwé rẹ̀ parí kí owó-orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kí a tó sọ ọba di aláṣẹ lábẹ́ Ajẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1918 ni àwọn Ẹ̀gbá dìde nínú ogun Àdùbí nítorí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n sì hú irin ojú ọ̀nà reluwé. Ọdún 3 péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé Johnson jáde. Ará Abẹ́òkúta tí ó rà á nígbà náà ní láti máa san owó-orí bí ó ti ń ka ìwé tí kò mọ ohun tí owó-orí yẹn jẹ́.

Ohun tí Johnson kò rí ni Ṣóyínká sọ. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter ni Aké ni, inú ọgbà Ìjọ ni ó sì ti là ojú. Nínú ìwé rẹ̀ a rí àwọn ìyàwó olùkọ́ àti ti àlùfáà tí wọ́n ń péjọ láti sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé. Díẹ̀ díẹ̀ àwọn obìnrin ọjà wọlé tọ̀ wọ́n wá, wọ́n sì ń kọ́ ìwé kíkà. Ọmọ kékeré náà ń kọ́ wọn ní lẹ́tà, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó-orí ti bú jáde, tí ọgbọ́n kíkà sì di ìbéèrè: kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀? Olórí wọn ni Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti tí ó jẹ́ ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Kò sí ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ tí ó fi bí ìjọba náà ti rí lára ènìyàn hàn tó èyí.

Ṣùgbọ́n Aké náà ní àléébù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní ni ti àkókò. Ní ọdún 1934 ni a bí Ṣóyínká, ìwé náà sì parí nígbà tí ọmọ náà ń múra àtilọ sí Government College ní Ìbàdàn, kí ó tó pé ọmọ ọdún 12. Ìpéjọ ńlá àwọn obìnrin ní ààfin, ìparí ọdún 1947 ni. Ìrántí ti mú ohun tí ó jìnnà síra wọn wá sún mọ́ra. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé ìgbà èwe, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe kàlẹ́ńdà. Èkejì wúwo jù ú lọ. Ààfin Aláké ni ọmọ náà rí, nítorí náà Aláké ni ó dàbí ọ̀tá. Òǹkàwé kékeré lè rò pé ìjà ọba àti àwọn ìyá ìlú lásán ni. Olùkọ́ ni yóò ṣàlàyé pé ní ìgbà àtijọ́ àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn Pàràkòyí wà tí ń dá Aláké dúró, àti pé Ẹfúnróyè Tinúbú di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864, tí ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba agbára lọ́wọ́ gbogbo wọn, tí ó kó o lé ọba nìkan lórí, tí ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò tíì mọ bí ìjọba náà ti ń ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí ẹ wo bí ọ̀nà ọjà ṣe pàdé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ NCNC rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin Richards, Ìyáàfin Ransome-Kuti nìkan ni obìnrin tí ó wà láàrin wọn. Ní ọdún kan náà ni òun àti Ẹgbẹ́ àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta kún iwájú ààfin. Ní oṣù kíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, ó sì tún padà ní ọdún 1950. Owó-orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ òmìnira. Àwọn òfin 1946, 1951 àti 1954 tí ọmọ ń kà bí ìsọ̀rí, àwọn tí ń san owó-orí ni ó ń ti àwọn tí ń lọ sí ìpàdé láti ẹ̀yìn.

A kò gbọ́dọ̀ fi ipa ti Ìjọ pamọ́, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ni ó yọ̀ sí ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ bá Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892. Láti inú ilé àlùfáà bákan náà ni obìnrin tí ó kọjú ìjà sí owó-orí ti jáde. Ẹni tí ó bá sọ ìhà kan tí ó fi èkejì pamọ́, ìwàásù ni ó ń ṣe, kì í ṣe ìtàn. Ìjọ fúnra rẹ̀ gba Ìhìnrere mẹ́rin, kò sì yọ mẹ́ta sọnù kí ọ̀rọ̀ lè bára mu. Kí ni ìdí tí a ó fi fún àwọn ọmọ wa ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ibi tí Johnson ti sọ̀rọ̀ òpin ogun, kí wọ́n sì ka orí tí Ṣóyínká fi sọ ti àwọn obìnrin. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan pé: kí ni ó rí, kí ni kò lè rí, níbo ni ó dúró sí? Lẹ́yìn náà, kí a rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé wọn. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní ọdún 1947 ti kọjá ọgọ́rin ọdún nísinsìnyí. Àwọn tí ó lè sọ bí agbowó-orí ti ń kan ilẹ̀kùn ń dínkù lójoojúmọ́, ohun tí wọn kò bá sì sọ fún ọmọ kí wọ́n tó lọ, ìwé kankan kò ní sọ ọ́ fún wa mọ́.