Ẹsẹ̀ Ló Ń Wọn Oògùn

Oṣù Keje ni, òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ṣakí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbin sóyà ni mo bá afínko kan lóko Ìyá, mo sì jókòó sábẹ́ igi mángòrò láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kò tètè ṣí ìgò oògùn. Táńkì ló kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí oko àgbàdo ló gbé e lọ lánàá. Atrazine tó ń dá àgbàdo sí kì í dá sóyà sí. Ó bu erùpẹ̀, ó fún un mọ́wọ́, ó dì. Ilẹ̀ tútù ni pendimethalin, oògùn tó gbé wá, ń fẹ́, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń ká koríko mọ́ kó tó yọjú.

Ó wá fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó, ó sì fín omi lásán sí i. Lítà 2 ló lọ. Ìyẹn lítà 80 fún éékà kan: táńkì lítà 16 márùn-ún. Oògùn éékà kan ló pín sọ́nà márùn-ún. Ìyá ní kó fi ìdérí kan kún un.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Koríko nìkan kọ́ ló ń mu ún."

Omi náà pupa rúsúrúsú. Ọwọ́ òsì ń fa pọ́ǹpù, ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá ìfín mú ní gíga orúnkún, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Àwọn ọmọdé ló ń jù ú bí ẹni ń lé eṣinṣin. Tirẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, kò falẹ̀, àfi bí ẹni ń tẹ̀lé ìlù tí àwa ò gbọ́. Nígbà tí ẹnu ọ̀pá dí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi họ ọ́. Mo ti rí àwọn tó ń fi ẹnu fọn ún. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wọn.

Afẹ́fẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, afínko sọ táńkì kalẹ̀. Ìyá kùn. "Ẹ má bínú, Ìyá, àfẹ̀mọ́jú ọ̀la ni."

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ karùn-ún. Afínko ti fi oògùn mìíràn, fluazifop, fín ibi tí koríko eéran ti yọrí. Ó di ewé àárín ọ̀kan mú, ó fà á. Ó yọ wẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Sóyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ewé ebè ọ̀tún ti ń kan ti òsì.