Kernel Tó Mu Oògùn Tó Dákú

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2018, Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, gbé kernel 4.4.0-108 jáde fún àwọn tó ń lo ẹ̀yà 16.04, láti fi dí ihò Meltdown tí gbogbo ayé ti ń pariwo láti ọjọ́ 3 oṣù náà. Àwọn kan gbà á sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún tan án, ẹ̀rọ ò jí mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, 4.4.0-109 ti jáde láti gbà wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ kan péré! Àwọn tó bínú lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ àròkọ yìí, tí òun náà ń jẹun nídìí àtúnṣe kernel, kò lè ṣàì kan sáárá sí ọwọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀. Kernel ló ń darí gbogbo ètò inú ẹ̀rọ. Bí òun bá ṣubú, ta ni yóò gbé e dìde? Ta ni yóò tilẹ̀ ròyìn bó ṣe ṣubú?

Ìwàǹwára ló bí Meltdown. Prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í dúró kí àṣẹ pé kó tó ṣiṣẹ́. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó rí oníbàárà rẹ̀ ojoojúmọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, tó ti bu àmàlà sáwo kí onítọ̀hún tó lanu. Bí oníbàárà bá ní ẹ̀bà lòun fẹ́ lónìí, ìyá á dá àmàlà padà sínú kúlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìgbákọ dáadáa á mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bù. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ló ń kù sínú cache, ibi ìpamọ́ kékeré inú prósẹ́sọ̀. Jann Horn ti Google àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Graz ní Austria wà lára àwọn tó fi hàn pé ètò lásán lè tipa àmì náà ka ohun tí kernel fi pamọ́, títí kan pásíwọ́ọ̀dù.

Àwọn ará Graz ti po oògùn kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n pè ní KAISER. Òun ni Linux sọ di KPTI. Kó tó dé, ìwé àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló ń júwe ibi gbogbo nínú mẹ́mórì. Oògùn náà sọ ọ́ di méjì: èyí tó pé wà lọ́wọ́ kernel, èyí tí wọ́n ti yọ ilé kernel kúrò nínú rẹ̀ wà fún àwọn ètò yòókù, àfi ẹnubodè tí wọ́n ń gbà wọlé nìkan. Ẹnubodè yìí gan-an ni wàhálà wà. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbàgbé ojú ewé kan péré tí prósẹ́sọ̀ nílò níbẹ̀, prósẹ́sọ̀ á ké sí ẹni tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú kernel. Kò ní rí ọ̀nà ilé onítọ̀hún náà. Á tún ké lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsọ gbólóhùn kan.

Ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń dùn. Bí kernel bá ráyè sọ̀rọ̀ kó tó kú, oníṣẹ́ á ka ohun tó kọ sójú ẹ̀rọ: RIP ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kó tó ṣubú, call trace ń sọ ẹni tó rán an níṣẹ́, àti ẹni tó rán ẹni tó rán an. Bí kò bá ráyè, oníṣẹ́ á fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kó lè gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó sọ kí ojú ẹ̀rọ tó mọ́lẹ̀. Á wá kọ nopti, àṣẹ tó ń pa KPTI, sí ìlà tí wọ́n fi ń tan kernel. Bó bá jí, ọwọ́ ti tẹ afurasí.

Àwọn kan á dúró síbẹ̀, wọ́n á pa oògùn tì títí ayé. Ọ̀lẹ lèyí. Oníṣẹ́ gidi á gbé git bisect, á máa dá àwọn àtúnṣe sí méjì, á máa dán ìlàjì wò: àtúnṣe 1,000 kò gbà ju nǹkan bí ìdánwò 10 lọ kí èyí tó dáràn tó jáde.

Nígbà mìíràn, kíka kernel láti òkè délẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní yẹn kan náà, Intel ní kí àwọn èèyàn dáwọ́ dúró lórí àtúnṣe inú prósẹ́sọ̀ tó gbé jáde fún Spectre, ìbejì Meltdown, nítorí àwọn ẹ̀rọ Broadwell àti Haswell ń kú, wọ́n sì ń jí fúnra wọn. Inú prósẹ́sọ̀ ni àṣìṣe wà. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ Linux ṣe rọrùn débi pé ó pa òǹkọ̀wé yìí lẹ́rìn-ín: wọ́n kọ orúkọ àwọn prósẹ́sọ̀ náà àti nọ́ńbà àtúnṣe burúkú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kernel, ní ìlà-ìlà. Bí kernel bá ń jí, á yẹ prósẹ́sọ̀ wò. Bó bá bá a nínú àkọsílẹ̀ náà, á ṣe bí ẹni pé agbára tuntun tí àtúnṣe burúkú náà fún un kò sí lára rẹ̀ rárá, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.