Àgbéyẹ̀wò Ìfiwéra Orísun Ìtànṣán Gámà àti X-ray nínú Ìwádìí lórí Eku

Ìfáàrà

Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ti ń fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eegun eku, kí wọ́n lè fi ti eku mìíràn rọ́pò rẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Till àti McCulloch lò ní ìlú Toronto, tí iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1961 fi la ọ̀nà fún ìmọ̀ nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ àti nípa agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ni ó dúró lé ọ̀nà yìí.

Orísun méjì ni ó gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ náà. Èkíní ni caesium-137, èyí tí a dì sínú àpótí òjé tí ó nípọn, tí ó sì ń tan ìtànṣán gámà tọ̀sán-tòru. Èkejì ni ẹ̀rọ X-ray, èyí tí kì í tan ìtànṣán àyàfi nígbà tí iná mànàmáná bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá èkejì lè gba ipò èkíní. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ni ó ti dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kò ṣọ̀kan. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé àìṣọ̀kan náà kò ti ọ̀dọ̀ ìtànṣán nìkan wá. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ ìfiwéra sílẹ̀ ni ó bí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ewu tí ó bí ìbéèrè náà

Kì í ṣe inú yàrá ìwádìí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ le. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, ní ìlú Goiânia ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, àwọn tí ń wá àlòkù irin wọ ilé ìwòsàn kan tí a ti pa tì, wọ́n sì tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀. Caesium tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ irú iyọ̀ kan tí a ń pè ní caesium chloride. Ó máa ń kúnná bí ìyẹ̀fun, ó sì máa ń yọ́ nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tí ó ń tàn mú kí àwọn ènìyàn pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ènìyàn 4 kú, a rí caesium náà ní ara ènìyàn 249, a sì ní láti yẹ àwọn tí ó lé ní 112,000 wò.

Irú iyọ̀ kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tan ìtànṣán sí eku. Ìdí nìyí tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní 2008, fi dámọ̀ràn pé kí a wá ohun mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2019, ní ìlú Seattle, nígbà tí a ń gbìyànjú láti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ilé ìwádìí kan, agolo irin tí caesium wà nínú rẹ̀ lu. A rí caesium ní ara ènìyàn 13, ilé náà sì di títì.

Ìtànṣán méjì, ìwà méjì

Agbára kan pàtó ni ìtànṣán gámà ti caesium-137 ní, èyí í ṣe 662 keV. X-ray kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ 160 kV tàbí 320 kV sí ara ẹ̀rọ, agbára tí ó ga jù lọ ni ó ń tọ́ka sí. Àdàlú ni ìtànṣán tí ń jáde, agbára èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì kéré sí iye náà gan-an. Asẹ́ bàbà tàbí ti alumíníọ̀mù tí a fi sí ojú ọ̀nà ìtànṣán ni í gba èyí tí kò lágbára kúrò. Nítorí náà, bí a bá pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ kan, orísun mìíràn ni a ní lọ́wọ́, bí orúkọ ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ yí padà.

Eegun ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù. Nítorí calcium tí ń bẹ nínú eegun, ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kò tó 100 keV a máa kó sínú rẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan ju sínú ẹran ara lọ. Ti caesium kò fi bẹ́ẹ̀ ya eegun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran. Inú eegun sì ni mùdùnmúdùn wà. Bí òṣùwọ̀n tilẹ̀ ka iye kan náà fún orísun méjèèjì, ohun tí ó dé bá mùdùnmúdùn lè má dọ́gba. Yàtọ̀ sí èyí, fún ìwọ̀n kan náà, X-ray a máa ṣe ọṣẹ́ díẹ̀ ju gámà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni X-ray tí kò lágbára a máa dín kù bí ó ti ń wọ ara lọ, tí ẹ̀yìn eku yóò fi gbà ju ikùn rẹ̀ lọ, àyàfi bí a bá yí i padà.

Caesium náà ní àléébù tirẹ̀. Agbára rẹ̀ a máa dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí 30 ọdún. Láàárín ọdún 10, nǹkan bí ìdámárùn-ún rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé iye ìṣẹ́jú tí a ṣírò ní ọdún 10 sẹ́yìn yóò fún eku ní nǹkan bí 8 Gy níbi tí ó ti rò pé òun fún un ní 10 Gy. Àárín iye méjèèjì yìí lè jẹ́ àárín ìyè àti ikú.

Àléébù inú àwọn ìfiwéra

Iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 2015 nínú ìwé àtìgbàdégbà Comparative Medicine yẹ fún ìyìn. Lára eku tí a fún ní mùdùnmúdùn tuntun ni àwọn tí ó kọ ọ́ ti fi orísun méjèèjì wéra. Wọ́n rí i pé méjèèjì lè ṣe iṣẹ́ náà bí a bá wọn ìtànṣán bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n pé bí ara eku ṣe gbà á àti bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe padà bọ̀ sípò kò rí bákan náà. Májẹ̀mú inú àbájáde yìí, pé kí a wọn ìtànṣán bí ó ti yẹ, ni ó ṣe pàtàkì jù. Òun náà sì ni ó rọrùn jù láti fò dá.

Nínú àpilẹ̀kọ tí ìtànṣán ti jẹ́ irinṣẹ́ lásán, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń rí: pé eku gba Gy báyìí láti inú ẹ̀rọ báyìí. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa asẹ́, kò sí iye tí eku ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí bí a ṣe wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi pé jọ ní Gaithersburg, ní Amẹ́ríkà, ní 2011, láti jíròrò bí ìwọ̀n ìtànṣán yóò ṣe bára mu láti yàrá ìwádìí kan sí èkejì.

Lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni apá méjì ń jiyàn. Apá kan ní kí caesium dúró, nítorí pé bí a bá yí orísun padà, iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá kò ní ṣeé fi wé ti ọjọ́ iwájú. Àníyàn yìí kì í ṣe àsọdùn, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ ń sunkún, à máa ń ríran. Caesium ọdún yìí kì í ṣe caesium ọdún 10 sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a kò wọn ìtànṣán inú rẹ̀ kò ṣeé fi wé ohunkóhun, ìbáà jẹ́ orísun kan náà ni a lò. Apá kejì ní iye kan ṣoṣo ni a ó fi ṣírò Gy ti gámà di ti X-ray, tí ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye náà yóò yí padà bí asẹ́ bá yí padà. Yóò yí padà bí ẹ̀yà eku bá yí padà, nítorí pé ara eku BALB/c kò gba ìtànṣán tó ti C57BL/6. Yóò sì yí padà bí ó bá ṣe ìfun ni a ń wò dípò mùdùnmúdùn.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ó hàn pé fún ẹranko tí ó kéré bí eku, X-ray tí asẹ́ rẹ̀ nípọn tó lè ṣe iṣẹ́ tí caesium ń ṣe, láìfi ewu tí yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọdún sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdájọ́ yìí kò kan ẹranko ńlá, èyí tí irú X-ray bẹ́ẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ náà ní ohun tí ó ń béèrè. Kí ẹ̀rọ méjèèjì wà pa pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí a wá ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó tó fún ẹ̀yà eku kọ̀ọ̀kan. Kí a sì kọ kV, asẹ́, ìnípọn bàbà tí ó lè gba ìdajì ìtànṣán náà, iye Gy ní ìṣẹ́jú kan, òṣùwọ̀n tí a lò, àti bí eku ṣe dúró sínú ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni èyí nínú àpilẹ̀kọ. Níbi tí kò bá sí, ẹlòmíràn kò lè tún iṣẹ́ náà ṣe, eku tí ó kú níbẹ̀ kú lásán, àwọn tí ń jiyàn lórí orísun ìtànṣán kò sì ní rí ohun tí wọn yóò fi parí ìjà.